Ta Ni Ó Sọ Pé Kíjìpá Ni Aṣọ Ọ̀lẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òfì ni aṣọ àgbà, kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ. Àgbà tí kò bá ní òfì, kí ó ra kíjìpá. Òwe yìí wà lára àwọn tí a máa ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láì bi í ní ìbéèrè kankan lórí rẹ̀. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí ojú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ìtumọ̀ á tẹ̀lé e, ó parí. Èmi fẹ́ bá òwe náà jiyàn, nítorí pé ohun tí ojú àwa tí à ń gbé ní Ìgàndó àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́ ń rí lórí ọ̀rọ̀ aṣọ kò jìnnà sí ohun tí òwe náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kíjìpá jẹ́. Aṣọ òwú ni, tí àwọn obìnrin máa ń hun nínú ilé lórí òfì tó dúró ṣánṣán ti ògiri, pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran. Ó nípọn, ó fẹ̀, ó sì lágbára. Òfì tí òwe náà gbé ga ni aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí Ìṣẹ́yìn fi gbajúmọ̀ títí di òní: sányán, àlàárì àti ẹtù. Kíjìpá kò ní ẹwà ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n a lè wọ̀ ọ́ lọ sí oko, a lè fi í pọn ọmọ, a lè fi í bora lóru. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún un ró. Kì í tètè gbó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í gbó kò nílò láti máa sáré wá owó òmíràn, ni àwọn tó pa òwe bá pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n sọ ìwà rere aṣọ di àléébù ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìgàndó ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí irú iṣẹ́ tí ìlú ńlá ń gbé lé aṣọ lórí. Olùkọ́ ń lọ sí Ìkòtún, akọ̀wé ń lọ sí Ìkẹjà, akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń lọ sí Òjó, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú ń jáde bọ̀ láti ilé-ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndó. Irin ìjókòó dáńfó lè fa aṣọ ya. Òógùn ń bẹ, eruku ń bẹ. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù kẹfà ni, òjò àti ẹrẹ̀ ń bẹ. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, aṣọ kan náà yìí ni a ó fi dúró níwájú ọ̀gá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ni a ó fi yà sí ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ti Ìkẹjà padà sí Ìgàndó lọ́sàn-án gangan nítorí àtipààrọ̀ aṣọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò ní gbà á láyè.

Síbẹ̀, ẹ lọ ṣí àpótí aṣọ wa wò. Ó kún dẹ́múdẹ́mú, aṣọ ń yọrí lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ni ín sì dúró síwájú rẹ̀, ó ń sọ pé òun kò rí aṣọ wọ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Aṣọ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn mu. Èyí tó pupa fòò ni ti ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá. Aláwọ̀ ewé ni ti ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́. Èyí tó ń kọ mànà bíi wúrà ni ti ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún aládùúgbò kan tí a kò tilẹ̀ mọ̀ dáadáa. A wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́, kò sì ní lè wọ̀ ọ́ lọ sí òde mìíràn, nítorí pé òde mìíràn náà ní aṣọ tirẹ̀.

N kò bá aṣọ ẹbí jà. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ìdí tó fi wà: kí ojú lè mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ òkú tàbí ẹbí ìyàwó láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Ẹni tó bá ní kí a pa á rẹ́ kò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ogún èèyàn jókòó yí opó ká nínú aṣọ kan náà. Àwọn aránṣọ àdúgbò wa náà sì ń jẹun nídìí rẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kì í parí aṣọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ). Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣọ ẹbí ti kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Ó ti dé ọ́fíìsì, ó ti dé ẹgbẹ́ akọrin, ó ti dé yàrá àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ó gbọ́ bùkátà á ra ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan lónìí, á ra ti òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, nítorí pé bí kò bá rà á, wọn yóò ní kò nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Owó tí ì bá fi ra ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó sùn sí ìsàlẹ̀ àpótí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tí ọmọ JSS 1 lè ṣe gbé e kalẹ̀. Obìnrin kan ní aṣọ ẹbí mẹ́rin, tòun ti ìró àti bùbá wọn, tí àwọ̀ wọn kò bára mu: ìmúra mẹ́rin ló ní. Obìnrin kejì ní ìró mẹ́rin àti bùbá mẹ́rin tí èyíkéyìí nínú wọn lè bá èyíkéyìí lọ: ìmúra 16 ló ní. Iye ọ̀pá aṣọ tí àwọn méjèèjì rà lè ṣe déédéé. Bí obìnrin kejì yìí bá fi gèlè méjì kún un, ó di 32. Obìnrin àkọ́kọ́ náà lè ra gèlè o, ṣùgbọ́n mélòó nínú aṣọ rẹ̀ ni yóò bá a mu?

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1970, Susie Faux tó ń ta aṣọ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé aṣọ díẹ̀ tó dára, tó sì bára mu, sàn ju àpótí tó kún lọ. Ní 1985, Donna Karan gbé irú rẹ̀ jáde ní New York, aṣọ méje péré fún obìnrin oníṣẹ́, tí a lè tò pọ̀ mọ́ra ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e bí ẹni pé ọgbọ́n tuntun ni. Èmi kò rò pé ọgbọ́n náà ṣe àjèjì sí ẹni tó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń múra.

Ẹ wo ìró. Aṣọ tí a kò gé, tí a kò rán mọ́ ara ẹnikẹ́ni ni. Obìnrin lè sanra, ó lè rù, ó lè lóyún, ó lè bímọ, ìró kan náà ni yóò máa ró. Ìyá lè yá ọmọ rẹ̀. Ẹ wá wo ti ọkùnrin. Bùbá àti ṣòkòtò nìkan tó fún iṣẹ́ àti fún ilé. Gbé agbádá lé e, ó di ti òde. Bọ́ agbádá, ó tún di ti ilé. Fìlà abetíajá ní etí méjì: a lè tẹ̀ ẹ́ sókè, a lè sọ ọ́ sílẹ̀ kí ó bo etí. Fìlà gọ̀bì ńkọ́? Bí ọwọ́ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣe rí. Àwọn baba wa kò ra aṣọ tuntun fún ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń yọ kúrò.

Ní ti òkìrìkà, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ọ̀nà Katangowa ní ìhà Abúlé-Ẹ̀gbá kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì aṣọ àlòkù kò wọ́n ní Ìkòtún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba pé kí a máa kó wọn wọlé láti òkè òkun. Ẹni tó bá mọ aṣọ yẹ̀ wò lè rí ṣẹ́ẹ̀tì òwú gidi níbẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ó pọ́ọ́kú; ohun tó bá sì pọ́ọ́kú, à ń rà á láì ronú. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí kò bá ṣòkòtò wa kankan mu, ìyà aṣọ ẹbí náà ni.

Táí Ṣólàrín, tí a bí ní 1922, tó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò ní ju ìmúra kan lọ lójú aráyé: ṣòkòtò péńpé kákí, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé àti fìlà. Òun ni ó ń wọ̀ títí ó fi kú ní 1994. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní gáùn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jọ ní àwọn ọdún 1940, ó pa gáùn tì, ó mú ìró àti bùbá, kí aṣọ má baà ya òun sọ́tọ̀ sí wọn. Bí a bá fi ojú òwe kíjìpá wò wọ́n, ọ̀lẹ ni àwọn méjèèjì. Ta ni ó jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò fi dá mi lóhùn. Yóò ní Ṣólàrín jẹ́ ẹni ńlá, pé bí ẹni ńlá bá wọ aṣọ kan léraléra, ìlànà ni à ń pè é, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kékeré ní Ìgàndó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òṣì ni a ó pè é. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kò ní olùkọ́ kan tí wọ́n fi àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ ní orúkọ? Àwọn tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ wà nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, láti JSS 1 dé JSS 3, wọn kò sì rò pé ojú ń ti àwọn.

Wọn a ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe yẹn kà: kò dárúkọ iye aṣọ. Aṣọ tó mọ́, tí a lọ̀, tó bá ara mu, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, ìrínisí rẹ̀ dára, ìbáà jẹ́ ìgbà ọgọ́rùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Òwe mìíràn tilẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ti kíjìpá lójú pátákó: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà kì í ṣe ohun ìtìjú nínú òwe yẹn. Ẹ̀rí pé èèyàn ti pẹ́ láyé, pé ó lo aṣọ rẹ̀ dé ibi tó yẹ kí ó lò ó dé, ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi òwe méjèèjì bá ara wọn jà.

Ẹni tó bá wá fẹ́ sọ àpótí rẹ̀ dọ̀tun, kí ó má kọ́kọ́ lọ sí ọjà. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ibùsùn. Kí ó mú àwọ̀ kan tàbí méjì ṣe òpó, dúdú, aró, tàbí kákí, kí ó sì bi aṣọ kọ̀ọ̀kan bóyá ó lè bá òpó náà lọ. Àdìrẹ aláró láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta dára fún èyí, nítorí pé ó bá funfun mu, ó bá dúdú mu, ó sì bá kákí mu. Kí ó yan òwú ju rọ́bà-rọ́bà tó ń mú ooru lọ, ní ìlú tí oòrùn ń mú nínú dáńfó báyìí. Aṣọ tó ti ṣí kò tíì kú. Àwọn aláró kò fi ìgbà kan rẹ aṣọ tuntun nìkan, wọ́n ń tún ògbólógbòó rẹ sínú aró. Bí ó bá di pé kí a rán òmíràn, kí ó bẹ aránṣọ pé kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú ojú ìrán, kí a lè tú u sí i bí ara bá gbà á.

Àwọn aṣọ ẹbí ìsàlẹ̀ àpótí ńkọ́? Ìró wọn ṣì wà láìgé. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣókùnkùn lè di ìró ìlọ́jà pẹ̀lú bùbá funfun, a sì lè fi ọ̀kan rán ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún ọmọ. Aláwọ̀ wúrà yẹn nìkan ni n kò mọ ohun tí a lè fi ṣe, àfi bóyá kí a fi bo àga.