Ohun Tí A Rí ní Igbó Ọ̀ṣun

Ẹsẹ fún kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:16-34, 1 Samuẹli 1:9-18

  

Lóṣù yìí, ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò. A ṣe àṣìṣe kan, àṣìṣe náà sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò rí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Rẹ́mọ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Olùkọ́ wọn ti ní kí gbogbo kíláàsì lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí wọ́n lọ ya àwòrán àwọn ère tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí. Ìyá rẹ̀ ní, "Dádì, ẹ bá mi bi í. Ṣé ọmọ tí a tún bí ló fẹ́ máa lọ sí ojúbọ òrìṣà?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, máàkì wà lórí ẹ̀ ni, sà."

A kò bi í ní ìbéèrè kejì. A ṣí 1 Kọ́ríńtì 10, a kà á sí i létí, a ní kó má lọ. Ó gbọ́ràn, kò lọ. Nígbà tí èsì jáde, ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ní yóò tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún padà wá sọ́dọ̀ wa. Kò bínú, kò fọhùn sí wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Dádì, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí, sà?"

A ní rárá.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí a sùn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tán tí a fi dá a. Ni a bá pinnu pé a ó lọ fi ojú ara wa rí i.

A GBÉRA LỌ SÍ ÒṢOGBO

A gbàwẹ̀ ọjọ́ kan, a gbàdúrà, a sì mú ìyá ìjọ àti alàgbà kan dání. Láti Ṣágámù a gba títì Èkó sí Ìbàdàn, a gba Gbọ̀ngán, a já sí Òṣogbo. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà igbó náà, alàgbà wa ní ọkàn òun kò gbé e. Ó ní òun yóò dúró sínú mọ́tò, òun yóò máa gbàdúrà fún wa. A kò fi ipá mú un. Àwa méjèèjì sanwó ìwọlé, wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì mú wa wọlé.

Igbó náà tóbi tó hẹ́kítà 75. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbó àtijọ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní ìhà gúúsù Nàìjíríà tí àáké kò tíì run. A kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gégi, a kò sì gbọdọ̀ pẹja nínú odò tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀bọ ń fò kiri láìbẹ̀rù ènìyàn. Láàrin àwọn igi yìí ni àwọn ojúbọ tó tó ogójì wà, pẹ̀lú àwọn ère ràbàtà-ràbàtà tí wọ́n fi símẹ́ǹtì àti amọ̀ mọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ìtàn ìlú fún wa. Wọ́n ní Làróòyè àti ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ló kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò yìí nígbà tí ọ̀dá omi dá wọn lágara. Bí wọ́n ti ń gégi láti tẹ̀dó, igi kan wó sínú odò, ni ohùn kan bá ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, ó sì pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Ẹja ńlá kan sì wá gba ẹbọ tí ọba gbé sínú odò, ọba tẹ́wọ́ gbà á, ni wọ́n bá ń pe ọba wọn ní Àtáọ́ja, èyí ni ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Títí di òní, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá, ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin, a máa ru igbá lọ sí odò, ọ̀pọ̀ èrò a sì tẹ̀ lé e.

OBÌNRIN ÒYÌNBÓ ÀTI ÀWỌN BÍRÍKÌLÀ

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ère tí à ń rí kò tíì dàgbà tó bí a ti rò. Obìnrin òyìnbó kan, Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ tí wọ́n mọ wọ́n. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè. Lẹ́yìn èyí ló di ọ̀rẹ́ àgbà àwòrò Ọbàtálá kan ní Ẹdẹ, ó sì di olórìṣà pátápátá. Àdùnní ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó dé Òṣogbo, àwọn ojúbọ ti ń wó, àwọn ènìyàn sì ti ń gba ilẹ̀ igbó náà dáko. Ó dìde, ó jà fún un. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ẹni ọdún 93.

Àwọn wo ló bá a ṣe iṣẹ́ náà? Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Kàsálí Àkàngbé, agbẹ́gilére ni. Buraimoh Gbàdàmọ́sí pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn: púpọ̀ nínú wọn jẹ́ orúkọ ilé ìmàle. Ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan igbó náà di ohun ìní ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, wọ́n fi ìyókù kún un ní ọdún 1992. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé, ìkejì rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur tó wọlé ní 1999.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí wà. Ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ní ìlú Thanjavur, tẹ́ḿpìlì òkúta kan wà tí ọba Rajaraja Chola kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 1010. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1987, síbẹ̀ àwọn Híńdù ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ bí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò. Onígbàgbọ́ tó bá débẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà tí a bi ara wa ní Òṣogbo: kí ni mo wá ṣe níhìn-ín?

OBÌNRIN TÍ A BÁ LÉTÍ ODÒ

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, omi náà pọ́n bí omi amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ló bà á jẹ́. Ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Síbẹ̀, a bá obìnrin kan níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń bu ú sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Nígbà tó nàró, a rí i pé aṣọ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ró.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ kí i. Ojú tì í nígbà tó gbọ́ pé pásítọ̀ ni wá, ó fẹ́ máa lọ. Ìyàwó wa dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn jáde kúrò nínú igbó, wọ́n jókòó sábẹ́ igi kan létí títì. Ó ní ọdún 14 ni òun ti wà nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ. Nínú ìjọ òun, wọ́n máa ń fi máìkì pe orúkọ òun síta fún àdúrà, gbogbo ojú a sì yí sí òun. Wọ́n ti ní kí òun wá jẹ́wọ́ ohun tí òun fi ìgbà èwe òun ṣe. Ìyá ọkọ òun ti ń wá ìyàwó mìíràn. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè gbàgbé: "Mọ́mì, ní etí odò yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan."

Ẹ̀yin ará, a ti múra ìwàásù sílẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kò rí i sọ. Élì ló sọ sí wa lọ́kàn. Hánà wà níwájú Olúwa, ó ń sunkún, ètè rẹ̀ ń mì, àlùfáà sì rò pé ọtí ló mu. Àlùfáà ló jókòó sílé Ọlọ́run tí kò dá omijé mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Bí Hánà bá bínú jáde lọ́jọ́ náà ńkọ́? Odò wo ni ìbá lọ?

A kò sọ fún obìnrin yìí pé ohun tó ṣe dára. A sọ òtítọ́ fún un pé odò kò lè gbọ́ àdúrà, pé Ẹni tó dá odò ló ń fúnni lọ́mọ. Ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ gbogbo àwa tí à ń pe ara wa ní olùṣọ́ àgùntàn. A sọ fún un pẹ̀lú pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ rí dókítà, nítorí ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí kì í ṣe ti obìnrin nìkan. A gbàdúrà, a pínyà. A ṣì ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà ní òròòwúrọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A MÚ BỌ̀

Èkíní, kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkàn Pọ́ọ̀lù gbóná nígbà tó rí àwọn ère Átẹ́nì, ṣùgbọ́n kí ó tó dìde sọ̀rọ̀, ó rìn káàkiri, ó wo ibi ìjọsìn wọn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ. Ohun tó rí ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Èkejì, wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. A kò kúnlẹ̀, a kò mu omi, a kò sọ owó síwájú ère kankan. Nígbà tí wọ́n ní bóyá a fẹ́ ṣe ìwúre, a ní rárá pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì dìjà. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi ipá fa ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e, gẹ́gẹ́ bí alàgbà wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú rẹ̀ jáde, kó jìnnà sí i. Róòmù 14 tó wa fún èyí.

Ẹ̀kẹta, kí a má ju ọmọ nù mọ́ omi ìwẹ̀. Dúró Ládipọ̀, ọmọ katikíìsì ni. Nígbà tó fi ìlù Yorùbá sínú orin ọdún Àjíǹde ní Òṣogbo ní 1961, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bínú. Lọ́dún kejì, òun àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀, orí ìtàgé ló sì gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kì í lu dùndún ní Rẹ́mọ? Ọwọ́ tó mọ símẹ́ǹtì di ère, Ọlọ́run ló dá ọwọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, kí a má bú wọn. Ní Éfésù, akọ̀wé ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù kò jí nǹkan inú tẹ́ḿpìlì, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà ìlú (Ìṣe 19:37). Síbẹ̀ ìyìn rere tàn níbẹ̀. Àwa ará Ṣágámù kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Ní oṣù keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ Orò dá ìjà sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa nílùú wa, lẹ́yìn tí obìnrin Hausa kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní òru Orò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, ẹ̀san rẹ̀ sì tàn dé Kánò. Àwa tí a ti ń ta obì fún ara wa láti ayé àwọn baba wa! Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

A KÚNLẸ̀ NÍWÁJÚ OLÚWA

Nígbà tí a padà délé, a ránṣẹ́ pe ọmọ wa náà àti ìyá rẹ̀. A ní, "Ọmọ wa, ẹ̀bi wa ni. A dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ̀." Ìyá rẹ̀ figbe ta pé, "Háà, Dádì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ọmọ náà sunkún. Nígbà tí ó tó àkókò, a gbàdúrà fún un, ó lọ, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì yege. Ó mú ọ̀kan wá fún wa: etí odò àti àwọn igi ńlá. A gbé e kọ́ sí yàrá tí a ti ń gba àwọn tó wá fún ìmọ̀ràn, kí ó lè máa rán wa létí láti béèrè ìbéèrè kejì kí a tó dáhùn.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ìyá nínú ìjọ, àgàn tó wà láàrin yín, báwo lẹ ti ń kí i? Ẹ dáhùn rẹ̀ níwájú Ọlọ́run lóṣù yìí.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹnu wa lé àgùntàn rẹ sínú igbó. La ojú wa láti rí omijé kí a tó rí ẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́ kí ilé rẹ jẹ́ ibi ìsinmi fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ó di oṣù tó ń bọ̀, bí Jésù bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.