Ẹ Jẹ́ Kí Báǹkì Fún Wọn Ní Káàdì, Kí Orúkọ Tiwa Lè Sinmi

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa káàdì kírẹ́díìtì, nípa àwọn èèyàn wa tí ò ní pépà ní Amẹ́ríkà, àti nípa bí gbèsè dọ́là 1,900 ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ká.

2/ Ìbéèrè ibẹ̀ rèé: ṣé ó yẹ kí báǹkì máa fún ẹni tí ò ní ìwé ìgbélùú ní káàdì kírẹ́díìtì? Èmi ní ó yẹ. Ẹ má tíì bú mi o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi tẹ́rùn.

3/ Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Wọ́n ti wà ní Maryland kí n tó wá kàwé níbẹ̀. Físà àbẹ̀wò ni wọ́n gbà wọlé, ọjọ́ ẹ̀ pé, wọn ò padà sílé. Mi ò ní parọ́ fún yín pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀. Ọmọ méjì ń lọ sílé ìwé n'Íbàdàn, ìyá wọn ń gba oògùn àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹ̀.

4/ Èmi ní SSN torí pé mo ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà yẹn tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Àbúrò, bá mi gba káàdì kan lórúkọ rẹ. Èmi ni màá máa san án. O ò ní gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀."

5/ Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó wá gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú, tẹ́ ẹ sùn sórí àga pálọ̀ wọn fún oṣù méjì, tẹ́ ẹ jẹ ẹ̀bà wọn, tẹ́ ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù wọn. Ṣé ẹ máa wojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sọ pé rárá? Mo gbà á fún wọn.

6/ Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi san án, ọjọ́ kan ò yẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mọ́tò tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ dákú sójú títì. Káàdì yẹn ni wọ́n fi tún un ṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá wọn ní kí gbogbo ẹni tí ò bá ní pépà má wá mọ́. Bí owó ṣe dúró nìyẹn.

7/ Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní credit score. Máàkì ni, bíi ti ìdánwò, tó ń sọ bóyá o máa ń san gbèsè rẹ lásìkò. Èyí tí FICO ń ṣe ló gbajúmọ̀ jù. Nínú máàkì yẹn, ìdá 35 nínú 100 ló wà lórí bóyá o sanwó lásìkò. Tó o bá pẹ́ san án kọjá oṣù kan, àbàwọ́n yẹn lè wà lórúkọ rẹ fún ọdún méje.

8/ Kì í ṣe báǹkì nìkan ló ń wo máàkì yẹn o. Onílé ń wò ó kó tó fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ tà ẹ́ ní mọ́tò ń wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìbánigbófò mọ́tò náà ń wò ó. Ẹni tí ò bá ní máàkì rárá, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń wò ó.

9/ Ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gba ilé ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n wo orúkọ mi, wọ́n ní ká máa lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo pariwo mọ́ wọn. Wọn ò fèsì. Nígbà tílẹ̀ ṣú, wọ́n fi dọ́là 40 ránṣẹ́. Ìyá mi gbọ́ n'Íbàdàn, wọ́n ní, "Ṣé torí owó lo ṣe ń gbóhùn sókè sí ẹ̀gbọ́n ẹ?" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́.

10/ Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo wá bi ara mi: kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tèmi ni wọ́n ní láti lò? Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ní àkáǹtì ní báǹkì, tó ń san owó ilé, tó ń dá àjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í pẹ́ dá tiẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mi ò tíì san gbèsè kankan rí, èmi ni báǹkì fọkàn tán. Ẹ bá mi rò ó.

11/ Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ló ní kí báǹkì má dá wọn lóhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, Amẹ́ríkà ṣe òfin Patriot Act ní 2001. Ẹ̀ka 326 nínú ẹ̀ ní kí báǹkì mọ ẹni tó ń bá ṣòwò: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìdánimọ̀.

12/ Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, nọ́ńbà yẹn lè jẹ́ nọ́ńbà owó orí, ó sì lè jẹ́ ti pásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ṣe é. Wọn ò ní kí báǹkì dán físà wò. Òfin míì tún gba báǹkì láyè láti wo ipò ìwé èèyàn tó bá jẹ́ torí àtimọ̀ bóyá wọ́n á rí owó wọn gbà padà. Ìyẹn ni pé ọwọ́ báǹkì ló wà. Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ní rárá.

13/ Nọ́ńbà owó orí tí mo ń sọ yìí, ITIN lorúkọ ẹ̀. IRS, ìyẹn àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, ló dá a sílẹ̀ ní 1996 fún ẹni tí kò lè gba SSN. Ẹ gbọ́ o: ìjọba kan náà tó ní "má gbé níbí" ló ní "gba nọ́ńbà kó o fi san owó orí." Ìwádìí ilé iṣẹ́ ITEP sọ pé ní 2022 nìkan, àwọn tí ò ní pépà san owó orí tó tó bílíọ̀nù 96.7 dọ́là. Tí owó wọn bá dára fún ìjọba, kí ló ṣe é tí ò dára fún báǹkì?

14/ Wọ́n tiẹ̀ ti dán an wò rí. Ní February 2007, ìròyìn gbòde pé Bank of America ń fún àwọn oníbàárà tí ò ní SSN ní káàdì kírẹ́díìtì ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀ 51 ní agbègbè Los Angeles. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí àkáǹtì ẹni náà ti pé oṣù mẹ́ta, kó má sì ti ná kọjá owó tó wà níbẹ̀.

15/ Ariwo sọ. Àwọn kan ní báǹkì ń gbè sẹ́yìn arúfin. Àmọ́ ohun tí mi ò gbọ́ kí wọ́n pariwo lé lórí tó bẹ́ẹ̀ ni iye èlé ẹ̀: ó lé ní ìdá 21 nínú 100 lọ́dún, wọ́n sì tún gba owó ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ò kì í ṣe sàráà o. Báǹkì rí ọjà tuntun ni.

16/ Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí báǹkì bá ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹni náà ò ní yáwó mọ́ ni? Rárá o. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù payday loan. Níbẹ̀, wọ́n lè gba dọ́là 15 lórí 100 kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 400 nínú 100. Tí kò bá lọ síbẹ̀, á wá sọ́dọ̀ ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀ tó ní SSN.

17/ Ohun tí báǹkì sì ṣe fún ìdílé wa nìyẹn. Wọ́n sọ gbogbo wa di onígbọ̀wọ́. Nílé, onígbọ̀wọ́ mọ̀ pé òun ń ṣe onígbọ̀wọ́, àgbà méjì á jókòó, wọ́n á sọ ọjọ́, wọ́n á sọ iye. Èmi ò mọ nǹkan kan. Mo rò pé mò ń ṣe àánú ni.

18/ Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tí ò gbà lóhùn. Èkínní: "Arúfin ni wọ́n, ẹ má fún arúfin ní ẹ̀bùn." Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ̀bùn kọ́ ni gbèsè. Ẹni tó gba káàdì á san owó tó ná, á tún san èlé lé e tó bá pẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ilé ẹjọ́ àti ìjọba ló ni ín. Kó máa bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé báǹkì kọ́.

19/ Èkejì: "Tí wọ́n bá dá a padà sílé ńkọ́, ta ló máa san gbèsè?" Ìbéèrè gidi nìyí, mi ò ní fojú di í. Màá fi ìtàn ìyá ìyá mi dá a lóhùn.

20/ Màmá ta aṣọ ní Tamale, ní Gánà. Ní November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí ò ní ìwé ìgbélùú lọ gba ìwé tàbí kó kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù padà wálé. Màmá wà lára wọn. Ohun tó dùn wọ́n jù kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìwé pélébé kan ni, èyí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó rajà láwìn sí. Wọ́n gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kankan níbẹ̀ ò san kọ́bọ̀.

21/ Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó jẹ Màmá ní gbèsè ní ìwé ìlú wọn lọ́wọ́. Màmá tí ò ní ìwé ni wọ́n jẹ lówó. Àwọn alájàpá ńlá tó ń kó aṣọ fún Màmá láwìn náà ò béèrè ìwé ìgbélùú. Wọ́n béèrè bó ṣe san èyí tó kó gbẹ̀yìn. Ìwé ìgbélùú ń sọ ibi tí ìjọba fẹ́ kó o wà. Kò sọ bóyá o máa ń sanwó.

22/ Ewu kí wọ́n dáni padà wà, òótọ́ ni. Àmọ́ báǹkì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ewu: bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré, gba owó dógò. Oríṣi káàdì kan wà tí wàá kọ́kọ́ fi dọ́là 300, ká ní, sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tó o sì lè ná tó 300. Tó o bá sá lọ, wọ́n á mú owó wọn. Ta ló wá pàdánù?

23/ Ẹ̀kẹta: "Á bo àwọn oníjìbìtì mọ́lẹ̀." Èmi rò pé òdì kejì ni. Ẹni tó ní káàdì lórúkọ ara ẹ̀, báǹkì mọ àdírẹ́sì ẹ̀, ó mọ ibi tó ná owó sí. Ẹni tó ń lo káàdì tèmi, ta ló mọ̀ ọ́n? Nínú ìwé báǹkì, èmi ni mo ra taya mẹ́rin fún mọ́tò tí mi ò ní.

24/ Ẹ wo Ìlú Ọba náà. Òfin Immigration Act 2014 ní kí báǹkì má ṣí àkáǹtì fún ẹni tí ò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2018, tí ọ̀rọ̀ Windrush fọ́ jáde, a rí i pé àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ gidi, wà lára àwọn tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kó sínú wàhálà, torí wọn ò rí bébà fi hàn. Tẹ́ ẹ bá sọ akọ̀wé báǹkì di ẹ̀ṣọ́ ibodè, á lé ẹni tó yẹ kó wọlé pẹ̀lú.

25/ Àmọ́ mi ò ní kí báǹkì máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń san dáadáa gbọ́dọ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Kí wọ́n ròyìn ìsanwó ẹ̀ kó lè ní máàkì tiẹ̀. Kí wọ́n ṣàlàyé àdéhùn ní èdè tó yé e. Kí wọ́n má sì fi àdírẹ́sì ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ.

26/ Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ní April 2025, IRS fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń mú àwọn tí ò ní pépà, láti máa fún wọn ní ìsọfúnni nípa àwọn kan. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ẹni tó gba ITIN torí pé ó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́, ẹ ò lè dá a lẹ́bi tó bá ń sá fún fọ́ọ̀mù báǹkì báyìí. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní òun ò fẹ́ káàdì, ẹ má fipá mú un.

27/ Ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Wọ́n san gbogbo ẹ̀ tán, díẹ̀díẹ̀. Àbàwọ́n yẹn ṣì wà lórúkọ mi. A ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó, a kì í dá a sílẹ̀.

28/ Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré kan gba ITIN wọn pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Wọ́n fi dọ́là 300 dógò. Ọjọ́ tí káàdì yẹn dé, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà ẹ̀, orúkọ wọn nìkan ló hàn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Àbúrò, má bínú."

29/ Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ má gba káàdì fún ẹnikẹ́ni lórúkọ yín, ì báà jẹ́ ẹni tó wá gbé yín ní pápákọ̀. Ẹ bá a wá ibi tó ti lè gba tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá sì gbà pẹ̀lú mi, ẹ sọ tiyín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ibi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti rí owó tún mọ́tò yẹn ṣe.