Ẹlẹ́rìí Ni Ẹni tí Ń Fi Ọ̀rọ̀ Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà ní ẹnu àwọn àgbà ayé ìsinsìnyí. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá péjọ, wọn a ní kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ó ba ìwà àwọn ọmọ jẹ́. Bí ọmọ bá purọ́, fóònù ni. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá tú àṣírí ara wọn, fóònù ni. Bí ìlú bá dàrú nítorí àhesọ, fóònù náà ni. Oníwàásù ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ ń sọ ọ́ nínú kíláàsì, àwọn òbí sì ń fi í ṣe àwáwí nígbà tí ọmọ wọn bá ṣìwà hù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n òtítọ́ korò, a kò sì gbọdọ̀ torí kíkorò rẹ̀ gbé e pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lá àlá kọ̀ǹpútà. Ó wà ní orí 21 nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn Júù kan tí wọ́n ti Éṣíà wá rí Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú Tírófímù ará Éfésù nínú ìlú. Nígbà tí wọ́n tún rí Pọ́ọ̀lù nínú tẹ́ḿpìlì, wọ́n rò pé ó ti mú àlejò náà, tí kì í ṣe Júù, wọ inú ibi mímọ́. Wọn kò rí i pẹ̀lú ojú wọn. Wọ́n kàn rò bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, wọ́n ké gbàjarè, gbogbo ìlú sì dìde. Wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù jáde, wọ́n ń lù ú, wọn ì bá sì lù ú pa bí kò ṣe pé olórí ọmọ ogun Róòmù sáré dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà béèrè ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, àwọn kan ń kígbe ohun kan, àwọn mìíràn ń kígbe ohun mìíràn. Mo bi yín léèrè, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ta ni ó mú fóònù lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà? Ẹnu ènìyàn ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, etí ènìyàn ni ó gbà á láìwádìí.

Èmi kò sọ pé ẹ̀rọ kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ìyára kún un, ìyára náà kò sì kéré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2018, ní abúlé Rainpada ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lu ọkùnrin márùn-ún pa. Alárìnká tí ń ṣagbe ni àwọn ọkùnrin náà. Àhesọ tí ó ti ń ti orí fóònù dé orí fóònù pé àwọn ajọ́mọgbé wà níta ni ó pa wọ́n. Ní oṣù yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ WhatsApp kéde pé àwọn yóò dín iye ibi tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí márùn-ún ní Íńdíà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n tún pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sí ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó dára ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọgbà lásán ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irọ́ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè fi í ránṣẹ́ sí márùn-ún ní ogún ìgbà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ṣe ọgbà yí ọkàn ènìyàn ká.

Níbo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà? Ó wà nínú gbólóhùn kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ dáradára: “Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi í ránṣẹ́.” Àwọn tí ń kọ gbólóhùn yìí sí ìdí ọ̀rọ̀ rò pé ó ti wẹ ọwọ́ àwọn mọ́. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn kọ ọ́, nítorí náà, bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí a lọ bá ẹni tí ó kọ ọ́. Èmi sọ pé ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Nígbà tí o bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, kò gbà á gbọ́ nítorí ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí kò mọ onítọ̀hún rí. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé láti ọ̀dọ̀ rẹ ni ó ti wá. Orúkọ rẹ ni o fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún irọ́ náà. Ẹlẹ́rìí ni ọ́, bí o fẹ́ bí o kọ̀.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ sì sọ nípa ẹlẹ́rìí le púpọ̀ ju bí a ṣe ń wàásù rẹ̀ lọ. Gbogbo wa ni a há òfin tí ó kọ ẹ̀rí èké sórí láti kékeré, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ka orí 23 nínú ìwé Ẹ́kísódù. Ẹsẹ kìíní rẹ̀ kọ̀ fún wa láti gbé ìròyìn èké kiri, ẹsẹ kejì sì kọ̀ fún wa láti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sínú ibi. Ẹ kíyèsí bí àwọn méjèèjì ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní ayé ìsinsìnyí, ìdí tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kò ju pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fọwọ́ sí i. Òfin àtijọ́ sì ti sọ fún wa pé iye ènìyàn kì í sọ ibi di rere. Nínú ìwé Diutarónómì, orí 17, a pàṣẹ pé ọwọ́ ẹlẹ́rìí ni kí ó kọ́kọ́ sọ òkúta sí ẹni tí a dá lẹ́bi ikú. Ní orí 19, a pàṣẹ pé ìyà tí ẹlẹ́rìí èké fẹ́ fi jẹ arákùnrin rẹ̀ ni kí a fi jẹ òun náà. Bí ó bá ṣe pé irú òfin yìí ni ó wà lórí fóònù wa, mélòó nínú wa ni ì bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́?

Ẹnìkan lè sọ pé àsọdùn ni mo ń sọ, pé ọ̀rọ̀ kì í pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n rán an létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó láti ara àlejò kan tí ó ti Làìbéríà wá. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde lọ láàárín ìlú, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi agbára rọ̀ ọ́. Àrùn náà ran obìnrin yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti orí fóònù kan dé òmíràn pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí àrùn náà má baà mú wọn. Àìmọye ènìyàn ni a jí lójú oorun nítorí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti kìlọ̀ pé omi iyọ̀ kì í ṣe oògùn Ebola, wọ́n sì mẹ́nu ba ìròyìn pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹnìkan fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ kí ìlú má baà kú. Àwọn mìíràn tẹ bọ́tìnì láìwádìí, àwọn ènìyàn sì kú. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn sì fi àdúrà sí ìparí rẹ̀.

Àdúrà yìí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò ti dun àwọn ẹlẹ́sìn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé bí o kò bá fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbùkún yóò fò ọ́ dá. Wọ́n pe èyí ní ìhìnrere. Èmi pè é ní ìdẹ́rùbà. Kò sí ibì kan nínú Bíbélì tí Ọlọ́run ti ka iye ènìyàn tí a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kí ó tó bùkún ẹni. Irọ́ tí a fi orúkọ Jésù dì, irọ́ ni. Ó tilẹ̀ burú ju irọ́ tí ó wà ní ìhòòhò lọ, nítorí ẹni tí ó gbà á kì í lè bi í léèrè ibi tí ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí àárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Àìná ṣẹ Bísí, Bísí kò sì bá a sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ síwájú gbogbo kíláàsì lórí fóònù, ó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí Àìná ti bá a sọ nígbà ayọ̀ gbè é lẹ́yìn. Ogójì ọmọ dá ẹjọ́ náà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ẹnìkan tí ó bi Àìná. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Jésù pẹ̀lú, ní orí 18 nínú ìwé Mátíù, la ọ̀nà sílẹ̀: kí o kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́, ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnìkan tàbí méjì dání, ìgbà tí èyí náà bá kùnà ni kí o tó sọ fún ìjọ. Ìta gbangba ni ó kẹ́yìn. Àwa ti sọ ọ́ di àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi yìí bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá ń fi ọwọ́ kàn ọ́ lọ́nà tí kò yẹ, tàbí tí ó ń halẹ̀ mọ́ ọ, má ṣe lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀. Sọ fún òbí rẹ, sọ fún olùkọ́ tí o fọkàn tán, sọ títí ẹnìkan yóò fi gbọ́. Kì í ṣe òfófó ni ìwọ ṣe. Ẹ̀rí òtítọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí ojú ń ti àwọn àgbà láti sọ. Bí àwòrán ìtìjú ọmọbìnrin kan bá jáde, gbogbo ilé-ìwé a máa fi í ránṣẹ́ síra wọn, wọn a máa bú u. Ṣùgbọ́n ta ni í béèrè ọmọkùnrin tí ó ya àwòrán náà, tí ó sì da ìfọkàntán? Ẹ padà lọ ka orí 8 nínú ìwé Jòhánù. Àwọn akọ̀wé àti àwọn Farisí mú obìnrin kan wá, wọ́n ní inú panṣágà ni àwọn ti ká a mọ́. Òfin Mósè dá ọkùnrin àti obìnrin lẹ́bi pọ̀. Níbo ni wọ́n fi ọkùnrin náà sí? Ẹ̀rí wọn ti lábùkù láti ìbẹ̀rẹ̀. Jésù ní kí ẹni tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ sọ òkúta, wọ́n sì jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà ni ó ṣáájú. Lónìí, àwọn àgbà kì í ṣáájú jáde mọ́. Àwọn náà ń fi àwòrán ránṣẹ́.

Mo sì mọ ìdáhùn tí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa ń yára fà yọ: pé Jésù kọ̀ fún wa láti dá ara wa lẹ́jọ́. Èmi gbà pé kò sí ẹsẹ tí a ti lò ní ìlòkulò tó èyí. Nínú orí 7 ìwé Mátíù yẹn kan náà, ẹni tí ó bá yọ ìtì igi kúrò ní ojú ara rẹ̀ yóò ríran kedere láti yọ ẹ̀ẹ́rún igi kúrò ní ojú arákùnrin rẹ̀. Kò ní kí a fi ẹ̀ẹ́rún igi náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbáwí kò di èèwọ̀. Ìbáwí láti ẹnu aláìmọ́ ojú ara rẹ̀ ni ó di èèwọ̀.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí yóò tẹ ọ̀rọ̀ ní láti ronú kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí a mọ ilé rẹ̀. Lónìí, olúkúlùkù yín ni ó gbé ilé ìtẹ̀wé sínú àpò. Nítorí náà, kí o tó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, bi ara rẹ ní ohun mẹ́ta: Ṣé mo mọ̀ pé òtítọ́ ni? Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú ẹni tí ó kàn? Bí wọ́n bá pè mí ní ọ̀la pé kí n wá jẹ́rìí sí i, ṣé n ó dìde? Bí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, dákẹ́.

Òfófó kì í gba ẹgbàá; ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Ẹyin sì ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹ má ṣe bú fóònù mọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Fóònù kò ní ọkàn tí yóò fi ronúpìwàdà, kò sì ní dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́. Àtàǹpàkò tí ó tẹ̀ ẹ́ ni ó ní ẹni.