Sólà Ti Wọlé, Ó Ku Kí Àwọn Tó Ń Tà Á Fìmọ̀ Ṣọ̀kan

Láàárín oṣù méjìlá tó parí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, páńẹ́ẹ̀lì sólà tó wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ Ṣáínà lé ní 1,700 mégáwáàtì, gẹ́gẹ́ bí àjọ Ember tó ń ṣírò irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe sọ. South Africa nìkan ló rà jù wá lọ ní Áfíríkà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wáyà ìjọba ń pín fún wa, tí kì í sábà kọjá 4,000 sí 5,000 mégáwáàtì fún èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. Lóòótọ́, páńẹ́ẹ̀lì kì í ṣiṣẹ́ lóru, nítorí náà méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n iye náà tó ohun tó yẹ kí èèyàn ronú lé. Aráàlú ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: aránṣọ, oníṣègùn, ilé ìjọsìn, onílé ẹja yìnyín, àwọn tí owó epo ti sú láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Oòrùn wà, oníbàárà sì wà. Ohun tí a kò ní ni ìfìmọ̀ṣọ̀kan láàárín àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí: àwọn tó ń kó ọjà wọlé, àwọn tó ń to páńẹ́ẹ̀lì níbí, àwọn tó ń gun òrùlé láti gbé e, àwọn báńkì, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná.

A ti rí ohun tí àìfìmọ̀ṣọ̀kan ń ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ mẹ́rìnlá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú NBET, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ra iná ní ọ̀pọ̀ yanturu, pé àwọn yóò kọ́ ibùdó sólà tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 1,125 mégáwáàtì. Sẹ́ǹtì 11.5 owó Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ fohùn sí lórí yúníìtì iná kan. Nígbà tó yá, ìjọba ní ó ti wọ́n jù, kí wọ́n gba 7.5. Àwọn tó fẹ́ yá àwọn ilé-iṣẹ́ náà lówó sì ní àwọn kò ní tú àpò àfi tí ìjọba bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí gbà. Ọdún gorí ọdún, iná kankan kò ti ibẹ̀ wá. Ìwé wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, owó wà lọ́wọ́ báńkì, wáyà wà lọ́wọ́ ìjọba, kò sì sí ibi tí gbogbo wọn ti jọ sọ ọ̀rọ̀ náà tán kí wọ́n tó fa bírò yọ. Kẹ́ńyà náà fi orí kó o. Ẹ̀rọ 365 tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ló ti wà ní ìdúró nítòsí adágún Turkana ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Sípéènì tó gba iṣẹ́ wáyà tó gùn ju 400 kìlómítà lọ wọko gbèsè. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni iná tó kúrò níbẹ̀, owó ìtanràn sì ti hù sí ìjọba Kẹ́ńyà lọ́rùn.

Ní ọjà tiwa, ọ̀rọ̀ náà kéré ní ojú, ó sì burú ní ìdí. Ẹ yí páńẹ́ẹ̀lì kan dojú bolẹ̀ ní ọjà Alaba, ẹ ó rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n kọ iye wáàtì àti fóltì rẹ̀ sí. Bébà yẹn nìkan ni oníbàárà ní láti gbára lé. Bí ẹni tó kó o wọlé bá lẹ 400 mọ́ èyí tí kò lè mú ju 250 wá, oníbàárà kò ní mọ̀ títí fíríìjì rẹ̀ yóò fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò ní sọ pé lágbájá ló rẹ́ òun jẹ. Yóò sọ fún gbogbo àdúgbò pé sólà ò dáa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Olóòótọ́ tó ń ta ojúlówó yóò san nínú jìbìtì tí kò lọ́wọ́ sí.

Ohun tí mo ń wí ni pé kí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí dá owó jọ, kí wọ́n ní ibi tí wọn yóò ti máa yẹ ọjà wò kó tó dé orí àtẹ, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé ìdánilójú kan náà, kí ẹni tó rà ní Ìbàdàn lè gba àtúnṣe ní Àkúrẹ́. Kí wọ́n sì jọ gba bátìrì àlòkù padà. Ní Ògìjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò ti fi hàn pé òjé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ bátìrì àlòkù ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, tọmọdé tàgbà. Bátìrì ọkọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bátìrì sólà tí a ń rà jẹ́ olójé, ibi kan náà ni wọ́n sì ń lọ tí wọ́n bá kú. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè dá ìyẹn yanjú.

Ìfìmọ̀ṣọ̀kan ṣeé ṣe. Ní Gbamu Gbamu, ní Ìjẹ̀bú, ilé-iṣẹ́ Rubitec gbé ibùdó sólà 85 kìlówáàtì kalẹ̀ ní ọdún 2018 pẹ̀lú ìrànwọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Jámánì. Òfin tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ṣe ní ọdún 2016 sì ti là á sílẹ̀ pé tí wáyà NEPA bá dé irú abúlé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, onísólà lè so tirẹ̀ mọ́ ọn tàbí kó gba owó gbà-má-bínú. Kálukú mọ ibi tí tirẹ̀ parí sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní tí oníṣòwò bá ti ń ṣèpàdé, owó ọjà ló ń gun òkè. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ ka fífi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí iye owó léèwọ̀, kí wọ́n sì lò ó láìwojú ẹnikẹ́ni. Ojúlówó ọjà ni kí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Kí kálukú dá iye tirẹ̀ pè. Àwọn mìíràn ní SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ló ni iṣẹ́ àyẹ̀wò. Òun ló ni ín, ṣùgbọ́n ọjà tó ń wọlé pọ̀ ju ojú tó ń ṣọ́ ọ lọ. Ti àwọn tó fẹ́ kí ìjọba fòfin de páńẹ́ẹ̀lì òkèèrè, irú èyí tí mínísítà kan dábàá ní ọdún 2025, kò yé mi rárá. Èyí tí à ń tò níbí kò tíì tó nǹkan, òkèèrè la sì ti ń ra ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn tó ń gbé sólà sórí òrùlé jọ fọwọ́ sí i pé iye báyìí làwọn yóò máa rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tò ó nílé lọ́dọọdún. Ìyẹn ni báńkì yóò rí tí yóò fi yá wọn lówó, kì í ṣe òfin tí yóò sọ páńẹ́ẹ̀lì di ọjà fàyàwọ́.

Ní báyìí tí òfin iná ti ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára, tí Èkìtì, Oǹdó àti Èkó ti gba àkóso iná wọn, kí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá má ṣe ìlànà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí páńẹ́ẹ̀lì kan náà. Àjọ DAWN, tí àwọn ìpínlẹ̀ yìí jọ dá sílẹ̀, wà ní Ìbàdàn fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń palẹ̀ owó mọ́ láti ra sólà, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni yóò tún un ṣe, ta ni yóò sì gba bátìrì rẹ̀ padà. Tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ kó owó yín padà sílé.