Bátìrì Kọ́ Ló Jẹ̀bi: Ẹ Jẹ́ Kí A Wọn Iná Ọkọ̀ Kí A Tó Rajà

Láàárín oṣù mẹ́rìnlá, bátìrì mẹ́ta ni mo rà sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo. Tuntun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta yìí ni ó já mi kulẹ̀ lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí mo dúró ra búrẹ́dì tí mo sì pa ẹ́ńjìnnì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yòò, rédíò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kíìkì sítátà kàn dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ìyàwó mi àti ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn lóru yóò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí Ọlọ́run rán sí wa ló fi wáyà fa iná láti inú bátìrì tirẹ̀ kí a tó lè kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi wí pé, "Ọ̀gá, bátìrì yín ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn." Ohun tó sọ nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló sọ nígbà kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ̀. Aládùúgbò mi kan ló júwe bàbá ríwayà kan fún mi, àgbà oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí kì í fọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó fa mítà rẹ̀ yọ. Bàbá wọn bátìrì náà láìtan ẹ́ńjìnnì: 12.5 fólítì. Ó ní, "Bátìrì yìí ò ṣe ohunkóhun." Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu wáyà mítà kan sórí bátìrì níhà ẹ́ẹ̀tì, ó fi ìkejì kan irin ara ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n ohun tó ju fólítì kan lọ ló fi hàn. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ó ti dípẹtà lábẹ́ nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ara ọkọ̀, níbi tí ojú kò tó. Bàbá pààrọ̀ wáyà náà, ó fi sáńpépà ha ojú irin títí ó fi dán, ó sì dè é le. Ọdún kejì rèé. Bátìrì kẹta, èyí tí wọ́n ní ó ti kú, ni mo ṣì ń lò.

Èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, owó rẹpẹtẹ ni a sì ń ná sórí làpálàpá náà.

Ìdí kan ni pé a kò mọ iṣẹ́ bátìrì. Láti ìgbà tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe irú bátìrì olójé yìí ní ọdún 1859, ìlànà rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀: òjé àti ásíìdì nínú yàrá mẹ́fà, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fólítì méjì lé díẹ̀ wá. Àká ni bátìrì. Ó ń fún kíìkì sítátà ní agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà alternator, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, ni àgbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dá ọkà padà sínú àká. Ta ni yóò rí àká tó ṣófo, tí yóò wó o, tí yóò kọ́ òmíràn, láìbéèrè bóyá àgbẹ̀ re oko?

Àgbẹ̀ náà kò ṣòro láti bi léèrè. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀, bátìrì tó kún yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 12.6 fólítì. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: ó yẹ kí ó gòkè sí àárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gòkè rárá, tó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná kò wọlé. Bí ó bá ju 15 lọ, iná ti pọ̀ jù, bátìrì ń sè nínú ara rẹ̀, tuntun tí ẹ bá sì rà yóò bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ láìpẹ́. (Àwọn ọkọ̀ òde òní kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iná kù láti fi dá epo sí, nítorí náà ẹ má ṣe torí mítà ẹ̀ẹ̀kan dá alternator lẹ́bi.)

Ọ̀ràn tó le jù ni àbùkù tó ń ṣe bí àbíkú, tí ń lọ tí ń bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ríwayà, ó ṣiṣẹ́; ẹ gbé e délé, ó kọ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Bí ojúkò wáyà bá ti dẹ̀ tàbí tó dípẹtà, ó dà bí ọ̀nà tóóró: ẹnì kan lè gbà á kọjá, èrò ọjà kò lè gbà á. Iná rédíò àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù kéré, wọ́n ń rí ọ̀nà kọjá. Ti kíìkì sítátà pọ̀, ó ń há. Ooru ẹ́ńjìnnì ń mú kí irin wú, kòtò ojú ọ̀nà ń mì ín, gbogbo rẹ̀ a sì máa yí padà láti wákàtí dé wákàtí. Bẹ́líìtì tó ti gbó lè máa yọ̀ kìkì nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì inú alternator tó ti jẹ tán lè fọwọ́ kan ibi tó yẹ lónìí, kí ó má kàn án lọ́la. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì yóò wá máa ṣẹ́jú sí yín lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe fojú fo ìṣẹ́jú yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ń tan lójoojúmọ́ àyàfi tó bá sinmi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ wo ohun tó ń jẹ iná lóru: àláàmù tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rọ orin ńlá, gílóòbù inú búùtù tí kì í kú.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, ohun tí alternator ń mú wá kéré, ẹ sì tan ẹ̀rọ amúlétutù, iná iwájú, ẹ tún ń ṣááji fóònù mẹ́ta.

Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, àwọn oníṣẹ́ kan a yọ orí bátìrì kan kúrò. Bí ọkọ̀ kò bá kú, wọ́n á ní alternator dára. Láyé àtijọ́, ó ṣeé gbà. Nínú ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà, bátìrì ni ó ń mú ìgbì iná mọ́ra. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, iná lè fò sókè kí ó sì ba bíréènì bọ́ọ̀sì jẹ́, èyí tí owó rẹ̀ ju ti bátìrì lọ fíìfíì.

Bátìrì tí a jù nù láìjẹ̀bi kì í pòórá pẹ̀lú. Ní Ògijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn iléeṣẹ́ wà tí ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ti pariwo nípa èéfín náà. Májèlé ni òjé sí ọpọlọ ọmọdé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Bátìrì méjì tí mo kọ́kọ́ jù nù, n kò mọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn oníṣẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ní ọkọ̀ ni a kọ́ wọn. A ń san owó bátìrì láìjanpata, ṣùgbọ́n bí ríwayà bá ní kí a sanwó wákàtí kan tó fi wá àbùkù, a ó bi í pé kí ni ó ṣe. Ta ni yóò wá máa ra mítà, tí yóò máa farabalẹ̀ tọpasẹ̀ wáyà, nígbà tí ọjà tó bá tà nìkan ni yóò bọ́ ọ?

Nígbà tí bàbá yẹn parí iṣẹ́, mo bi í pé èló ni. Owó wáyà àti ti sáńpépà nìkan ló kà fún mi. Mo ní, "Bàbá, owó àyẹ̀wò ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ká wáyà mítà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ní í san ìyẹn?"