Ṣé Ọmọ Ọba Nìkan Ló Lè Tún Ìlú Ṣe?

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù kàtúùnù tí àwọn ọmọdé ń wò, ọmọ ọba ni akọni. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Snow White, akọni fíìmù kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Disney gbé jáde ní 1937, ọmọ ọba ni. Cinderella ti 1950 kì í ṣe ọmọ ọba, ṣùgbọ́n ìgbà tó fẹ́ ọmọ ọba ni ìyà rẹ̀ tó dópin. Simba inú The Lion King (1994), àrẹ̀mọ ni. Ọmọ ọba ni Elsa àti Anna inú Frozen (2013), ọmọ olórí erékùṣù sì ni Moana (2016).

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Inú àlọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ààfin kò ti wọ́n, ni àwọn fíìmù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ti wá. Ó sì rọrùn fún òǹkọ̀tàn: bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní ìdílé ọba, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ìlú. Owó tún wà níbẹ̀. Mulan (1998) kì í ṣe ọmọ ọba, kò sì fẹ́ ọmọ ọba, síbẹ̀ Disney kà á mọ́ àwọn ọmọbìnrin ọba tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ta ọmọláńgidi àti aṣọ.

Adé gan-an kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe ohun tí ó ń kọ́ ọmọ. Nínú The Lion King, Scar gba ìtẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ebi sì dé. Àwọn abo kìnnìún tó ń ṣọdẹ bọ́ gbogbo ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà kò bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ ọba fi padà láti ibi tó sá lọ. Bó ti ṣẹ́gun tán, òjò rọ̀. Ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ oníṣòwò tàbí ọmọ mẹkáníìkì yóò rí mú níbẹ̀? Pé ọwọ́ ẹni tí a bí sí ààfin ni àtúnṣe wà, pé iṣẹ́ àwọn yòókù ni kí wọ́n dúró dè é, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tó gba èyí gbọ́ lè dàgbà tán kó máa retí olùgbàlà ní gbogbo ìgbà ìdìbò.

Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọba, kò gbà pé ẹ̀jẹ̀ nìkan tó. Lóòótọ́, inú ìdílé ọba ni ọba ti ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn afọbajẹ ló ń yan ẹni tí yóò jẹ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, fún ìgbà pípẹ́, ńṣe ni Àrẹ̀mọ ń bá Aláàfin kú. Ìgbà tí Adélù jẹ lẹ́yìn Àtìbà bàbá rẹ̀ ní 1859 ni àṣà náà yí padà. Aláàfin tó bá sì ń ni ará ìlú lára, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́. Nínú àlọ́ pẹ̀lú, Ìjàpá ló gbajúmọ̀ jù: kò ládé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ọgbọ́n ló ní, ọgbọ́n náà a sì máa kó o sí wàhálà.

Àwọn kan lè sọ pé láìsí adé, ọmọdé kò ní í wò ó. Ẹ̀rí wà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Finding Nemo (2003) jẹ́ ìtàn ẹja tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ratatouille (2007), ti eku tó ń se oúnjẹ ní Paris. Coco (2017), ti ọmọ ìdílé aṣebàtà ní Mẹ́síkò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ní 2024, Disney àti iléeṣẹ́ Kugali gbé Iwájú jáde, ìtàn tó wáyé ní Èkó. Tola inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ olówó, ṣùgbọ́n Kole ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ tálákà tó mọ tinú-tòde ẹ̀rọ.

Kò sí ìdí láti pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá parí, ó yẹ kí òbí bi ọmọ léèrè: ká ní Simba kò padà, kí ni àwọn ẹranko yòókù ìbá ṣe? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà ti ń mọ̀ pé ìlú kì í ṣe ti ọba nìkan.