Ẹrù Ni Ìwádìí Dúró Lé

Láti 1915 ni Endurance, ọkọ̀ Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò tó ń ṣàwárí ilẹ̀ yìnyín, ti rì sínú Òkun Weddell ní Antarctica. Nígbà tí wọ́n rí i lóṣù kẹta 2022, níbi tó jìn ju mítà 3,000 lọ, gbogbo ayé ló gbọ́. S.A. Agulhas II, ọkọ̀ Gúúsù Áfíríkà, ló gbé àwọn tó wá a débẹ̀. Àṣeyọrí ńlá ni, àmọ́ iṣẹ́ òòjọ́ ọkọ̀ náà kọ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún ló ń gbéra ní Cape Town, tó ń kó oúnjẹ, epo dísẹ́ẹ̀lì àti òṣìṣẹ́ tuntun lọ sí ibùdó ìwádìí SANAE IV ní Antarctica, àti sí erékùṣù Marion àti Gough, tó sì ń kó àwọn tó ti parí sáà wọn bọ̀ wálé. Lójú tèmi, ẹrù kíkó yìí gan-an ni ìwádìí.

Àwọn kan gbà pé ẹrù ń jẹ àkókò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo sì rí ohun tí wọ́n rí. Marion kò ní èbúté. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé ẹrù láti orí ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀, bí ìkùukùu bá sì bo erékùṣù, àfi kí wọ́n dúró. Ní Antarctica, ẹ̀gbẹ́ ògiri yìnyín ni ọkọ̀ ń dúró sí, tí kireeni yóò máa sọ ẹrù kalẹ̀, kí katakata tó wọ́ ọ lọ sí ibùdó. Onímọ̀ tó fẹ́ sọ ẹ̀rọ ìwádìí rẹ̀ sínú òkun yóò kàn máa wo ọjọ́ bó ṣe ń lọ ni. Ṣùgbọ́n láti 1956 ni àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ti ń wọn ojú ọjọ́ ní Gough. Láti ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́, nítorí náà, ìjì tó kọjá ní Gough lè dé Cape Town lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí epo ò bá dé, jẹnẹrétọ̀ á kú, àkọsílẹ̀ á já. Ọjọ́ tí wọn ò bá wọ̀n ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè padà lọ wọ̀n ọ́n.

Wọ́n tún ní bàálù ń fò lọ sí Antarctica, sátẹ́láítì sì ń wo òkun láti òkè. Bàálù dára fún gbígbé èèyàn, àmọ́ kò níbi tí yóò balẹ̀ sí ní Marion tàbí Gough. Ojú omi ni sátẹ́láítì ń rí; kò mọ bí omi ṣe tutù tó ní mítà 2,000 nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún nítorí ẹrù ló ń jẹ́ kí onímọ̀ lè fi omi èṣí wé ti ọdún yìí. Ẹni tó ní kí wọ́n fi owó tí ìrìnàjò ọkọ̀ yìí ń ná wọn tọ́jú tálákà ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Síbẹ̀, láti òkun gúúsù yìí ni òjò ìgbà òtútù tí Cape Town ń mu ti ń wá. Nígbà ọ̀dá 2015 sí 2018, olówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá, tálákà ń tò sídìí omi. Bí wọ́n bá wá ń ṣírò owó ìwádìí, kí wọ́n ka alásè, ẹnjiníà àti ẹni tó ń wa kireeni mọ́ onímọ̀, kí wọ́n má sì kọ owó epo ọkọ̀ sára ohun tó ṣeé gé.